Rìmóòtù Tó Dé Pẹpẹ Láti Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Nínú ìjọ wa, obìnrin kì í gun orí pẹpẹ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀ rí. Inú ìjọ aláṣọ funfun yìí ni wọ́n bí mi sí, ní ìlú Benin níbí, bí mo bá sì ti dé ibi irin tí wọ́n fi pààlà níwájú pẹpẹ, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni kí n máa tún ẹ̀rọ ṣe, tẹlifíṣọ̀n tó sì fún mi ní wàhálà jù lọ láyé mi, ara ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ ni wọ́n kàn án mọ́.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Uselu. Tẹlifíṣọ̀n, díkódà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde, gbogbo rẹ̀ ni mò ń tún ṣe. Àwọn ọkùnrin tó bá wọlé á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á ní, "Madam, oga dey?" Èmi á ní, "Na me be oga." Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jókòó. Àwọn kan á gbé ẹrù wọn padà sínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wọn wá. Kí wọ́n máa lọ. Mi ò ní sùúrù fún ẹni tó fẹ́ rí irùngbọ̀n kí ó tó gbà pé mo lè yọ́ òjé mọ́ wáyà.

Bàbá mi ni gbogbo ìjọ ń pè ní Bàbá Olórin. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ka orin fún ìjọ. Bó ṣe ń ṣe é ni pé á ka ìlà kan sókè ketekete, ìjọ á kọ ọ́, á tún ka ìkejì. Ó ní ìdí tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tí a bí sí ìlú yìí gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí o bá fi ìwé orin lé wọn lọ́wọ́, wọn á máa wò ó ṣáá ni. Ohùn bàbá mi ni ìwé wọn. Àwọn kan nínú wọn ti di ìyá ọmọ báyìí, síbẹ̀ bí wọ́n bá ń kọrin nílé, bí bàbá mi ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn níparí ìlà ni àwọn náà ń fà á.

Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bàìbàì. Dókítà ní àwọn lè dá a dúró díẹ̀ pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ń kán sí i, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ nínú ojú náà kò ní padà mọ́. Bàbá ń gbé ìwé orin súnmọ́ imú, ó ń gbé e súnmọ́ imú, títí a ò fi rí ojú rẹ̀ mọ́, ìwé nìkan là ń rí. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó fo láti ẹsẹ kejì bọ́ sí ẹsẹ karùn-ún. Apá kan ìjọ tẹ̀ lé e, apá kejì tó ní ìwé lọ́wọ́ ń kọ ẹsẹ kẹta lọ, gbogbo rẹ̀ wá di iṣu ata yán-an-yàn-an. Onílù dá ọwọ́ dúró, ó ń wò wọ́n.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn alàgbà ìjọ wá kí wa nílé. Wọ́n gbé búrẹ́dì àti mọ́ọ̀tì lọ́wọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá lọ kí aláìsàn. Wọ́n sọ̀rọ̀ dídùn. "Bàbá, ẹ ti ṣe bẹbẹ. Ẹ ti sin Olúwa tọkàntọkàn. Bí ìkórè ọdún yìí bá ti kọjá, ẹ jẹ́ kí àwọn tó kéré gbà á lọ́wọ́ yín, kí ẹ sinmi." Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sìn wọ́n dé ẹnu géètì. Nígbà tó padà wọlé, ó jókòó, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó wá bi mí pé, "Ṣé mo ti kú ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo pinnu pé mi ò ní gbà.

Ọmọ ìjọ kan ti fi tẹlifíṣọ̀n ńlá kan ta ìjọ lọ́rẹ, tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lẹ́yìn pẹpẹ tí kò sẹ́ni tó ń lò ó fún ohunkóhun. Mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ìjọ bá mi ki wáyà gígùn bọ ẹ̀yìn rẹ̀, mo fà á wá sí ẹ̀yìn pátápátá ní apá àwọn obìnrin, níbi tí mò ń jókòó, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ gbogbo orin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà gbàǹgbà, funfun lórí dúdú, ìlà méjì méjì. Bàbá á dúró níwájú àwọn akọrin, á kọjú sí pẹpẹ díẹ̀, á máa kà á. Lẹ́tà yẹn tóbi débi pé ojú tó kù fún un lè kà á. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí àṣìṣe, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti yí ojú ìwé sí orin tó kàn.

Àwọn alàgbà ní ó dáa, àwọn á wò ó títí di ọjọ́ ìkórè. Orin ìkórè ṣòro ju orin yòókù lọ, nítorí ọdọọdún ni wọ́n ń kọ tuntun, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n sórí. Bí ọjọ́ náà bá lọ déédéé, Bàbá á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ó bá tún dà rú, a jẹ́ pé ìsinmi ti dé nìyẹn.

Iná mànàmáná ni ìṣòro wa. Ẹ mọ bó ṣe ń rí. Wọ́n á mú iná lọ láàárín ìsìn, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, gílóòbù á tàn, fáànù á máa yí, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n yìí á kàn yọ iná pupa bíńtín kan ní ìsàlẹ̀, á máa sùn lọ. Rìmóòtù nìkan ló lè jí i. Bọ́tìnnì tó wà lára rẹ̀ ti há sáàárín òun àti ògiri. Rìmóòtù tó bá a wá ńkọ́? Ẹnì kan ti gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là lórí pẹpẹ, ó yọ́, ó ká kò.

Mo ra òmíràn lọ́jà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní gbogbo-ńṣe, tí èèyàn lè kọ́ ní èdè tẹlifíṣọ̀n yòówù. Ẹnu rẹ̀ kò ran. Láti ìdí tẹlifíṣọ̀n dé ibi ìjókòó mi jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́tàlélógún, mo kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níta, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ mẹ́jọ péré ni rìmóòtù yìí lè lọ. Irin ààlà pẹpẹ náà ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bá gbé e fún alàgbà tó ń mójú tó pẹpẹ, mo ṣàlàyé fún un pé bọ́tìnnì pupa tó wà lókè nìkan ni kí ó tẹ̀ bí iná bá ti dé.

Alàgbà yìí jẹ́ èèyàn pẹ̀lẹ́, ó sanra, ó sì máa ń ṣe gbogbo nǹkan bí ẹni pé àwọn áńgẹ́lì ń wò ó. Iná lọ, iná dé. A ń gbàdúrà lọ́wọ́, gbogbo wa lórí ìkúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ bọ sùtánà, ó yọ rìmóòtù, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì míì tẹ̀ lé e. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ẹni tó ta ìjọ lọ́rẹ ti gbàgbé fìláàṣì fíìmù kan sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n náà. Bí àwòrán ṣe yọ nìyẹn. Obìnrin méjì ń ja ìjà ọkọ nínú yàrá ìgbàlejò kan, ọ̀kan ti gba irun orí èkejì mú. Alàgbà bẹ̀rẹ̀ sí tẹ bọ́tìnnì láti fi dín ohùn rẹ̀ kù, ohùn ń lọ sókè sí i. Gbogbo ìjọ gbọ́ bí obìnrin náà ṣe pariwo pé, "My husband! In my own house!" Àwọn èwe tó wà lẹ́yìn mi fi aṣọ bo ẹnu. Èmi náà bo ẹnu mi.

Láti ọjọ́ yẹn ni alàgbà ti dá rìmóòtù padà fún mi. Ó ní, "Arábìnrin, Ẹ̀mí kò rán mi sí tẹlifíṣọ̀n." Mo mọ̀ nígbà náà pé mo gbọ́dọ̀ jẹ́ kí nǹkan yìí ti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹpẹ fúnra rẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ìkórè pé.

Ìmọ́lẹ̀ ni rìmóòtù fi ń bá tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ tan kámẹ́rà fóònù yín, kí ẹ kọ imú rìmóòtù sí i, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́: ẹ ó rí i tí nǹkan kan ń ṣẹ́jú ní àwọ̀ àlùkò. Mo ń fi èyí han àwọn oníbàárà mi, wọ́n á ní, "Chai!" Nígbà tí mo tú èyí tí mo rà lọ́jà, mo rí i pé gílóòbù kan ṣoṣo tó tó orí ẹ̀pà ni wọ́n fi sí i, wọ́n sì há iná mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tíńtín kan wà níbẹ̀ tó ń dín agbára iná kù kí bátìrì lè pẹ́. Mo bú ẹni tó ṣe é. Mo wá tú àwọn rìmóòtù tó ti kú tí mo kó sínú páálí lábẹ́ tábìlì, mo yọ gílóòbù mẹ́ta jáde, mo so wọ́n pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́.

Wọn ò tàn. Mo tú u, mo tún un so, wọn ò tàn. Obìnrin tó ń ta ike fóònù ní ṣọ́ọ̀bù tó kàn mí yọjú wò mí, ó ní, "Since morning you dey fight that small thing." Nígbà tí inú ti bí mi tó, tí mo dìde lọ mu omi, tí mo padà wá, ni mo rí i pé ẹsẹ̀ àwọn gílóòbù náà ni mo yí padà, èyí tó yẹ kó wà lọ́tùn-ún wà lósì. Àṣìṣe tí mi ò ní dárí ji ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí mo tún un ṣe, wọ́n tàn, ṣùgbọ́n mo ti fún wọn lágbára jù, méjì jó mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó kà dé mẹ́wàá.

Mo yọ méjì míì rọ́pò wọn, nígbà kẹta ni mo tó fọkàn balẹ̀. Mo fi tiransístọ̀ kékeré kan sí i kí ó máa tì wọ́n lẹ́yìn, mo fi bátìrì ńlá mẹ́rin rọ́pò méjì kékeré tó ń lò, mo sì fi téèpù dúdú di àwọn bátìrì náà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá dà bí ìyá ọlọ́mọ tó pọn ọmọ tó ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Kò lẹ́wà rárá, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ní tòsí Ugbor. Mo dúró níbi ìjókòó mi, mo tẹ̀ ẹ́, tẹlifíṣọ̀n jí. Mo bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó jí. Mo rìn dé géètì, tí mo fi ń wo pẹpẹ láti ojú ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó jí, ó sùn, ó jí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín fún ara mi níbẹ̀. Ilé ọtí kan wà ní òdìkejì títì, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù, tẹlifíṣọ̀n wọn, irú ti ṣọ́ọ̀ṣì wa gan-an, hàn láti ojú fèrèsé. Mi ò lè sọ pé Èṣù ló tì mí. Ara mi ló ń yá. Mo kọ imú rìmóòtù sí ibẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, tẹlifíṣọ̀n wọn kú fin-ín.

Ariwo sọ. "Who off am? Abeg, who dey press remote?" Ẹnì kan ní iná ló lọ. Ẹlòmíràn ní fáànù ṣì ń yí. Mo lọ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ògiri géètì, mo na ọwọ́ sókè, mo tún un tẹ̀, àwòrán sì padà dé. Wọ́n pariwo ayọ̀, bí ẹni pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Mo fi gìrìgìrì wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ọmọ Bàbá Olórin.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Bàbá pé wàhálà ti parí. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ ìkórè gan-an ni iná ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lọ nínú ìsìn, láàárín orin kejì. Jẹnẹrétọ̀ dún, gílóòbù tàn, iná pupa yọ lára tẹlifíṣọ̀n. Mo dìde pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, mo tẹ rìmóòtù mi.

Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Mo tún un tẹ̀. Mo na ọwọ́. Mo gun orí bẹ́ǹṣì. Kámẹ́rà fóònù fi hàn mí pé gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tàn, síbẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ń sùn lọ. Bàbá dúró níwájú gbogbo ìjọ, ó kọjú sí ojú dúdú yẹn, ó ń dúró de ìlà tó kàn. Ọkùnrin akọrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì gba orin náà lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi ìwé rẹ̀ kà á lọ tìkọ̀tìkọ̀. Bàbá rọra rẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo rí i bí àwọn alàgbà méjì ṣe wo ara wọn. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Lẹ́yìn ìsìn, mi ò lè dìde. Àwọn èèyàn ń jáde, mo jókòó, mo gbé rìmóòtù lé itan, inú ń bí mi sí i, inú ń bí mi sí ara mi, inú ń bí mi sí irin ààlà yẹn pẹ̀lú, ká sọ òótọ́. Alàgbà pẹpẹ ń pa àbẹ́là méje tó wà lórí pẹpẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó pa èyí tó gbẹ̀yìn, mo fi ìbínú tẹ rìmóòtù bí ẹni tó ń gbá nǹkan létí. Tẹlifíṣọ̀n jí. Alàgbà fò sẹ́yìn, ó ní, "Jésù!"

Mo dìde dúró. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀ọ́ tún tan àwọn àbẹ́là náà. Ó wò mí bóyá ara mi yá, ṣùgbọ́n ó tàn wọ́n. Mo tẹ rìmóòtù, kò ṣiṣẹ́. Ó pa wọ́n, ó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Sátidé tí mo wá dán an wò, kò sí àbẹ́là kankan tó ń jó lórí pẹpẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ìsìn wa kan tí a ń ṣe láìtan àbẹ́là. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń wo àbẹ́là méje yẹn, ojú mi ti mọ́ wọn jù, mi ò tilẹ̀ rí wọn mọ́.

Ní ọjọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀bù, mo tan àbẹ́là kan sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n oníbàárà, mo sì ń ka ìgbésẹ̀. Òótọ́ ni. Iná àbẹ́là náà ń tan irú ìmọ́lẹ̀ tí a kò rí yẹn, ó ń tàn án sí ojú bíńtín tí tẹlifíṣọ̀n fi ń gba ọ̀rọ̀ rìmóòtù, bí ìgbà tí èèyàn bá ń kígbe sí ọ létí tí ẹlòmíràn sì ń pè ọ́ láti òkèèrè. Kì í ṣe pé kí n tún fi gílóòbù kún un ló kù. Ìbòjú ni ojú yẹn nílò. Mo gé páálí kékeré kan, mo fi téèpù dúdú wé e, mo tẹ̀ ẹ́ bí etí fìlà, kí ó lè dí ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ìsàlẹ̀ wá. Mo fi sábẹ́ ojú tẹlifíṣọ̀n tó wà lórí tábìlì mi, àbẹ́là ń jó lọ, rìmóòtù ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ó ku bí yóò ṣe dé orí pẹpẹ. Mo ní kí n gbé e fún alàgbà, Bàbá fi àáké kọ́rí. Ó ní, "Èmi ni mo ní orin. Èmi ni màá fi sí i." Ó ní ẹ̀tọ́ láti gun ibẹ̀, ojú ni kò ní. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ irin ààlà, ó gun orí àpótí níwájú tẹlifíṣọ̀n, páálí lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì di ògiri mú.

"Ẹ gbé ọwọ́ sọ́tùn-ún díẹ̀, Bàbá mi. Díẹ̀ sí i. Ẹ ti kọjá a."

"Ibo ni mo ti kọjá?"

"Ẹ padà bọ̀. Ibi tó ń dán yẹn."

"Ìwọ ọmọ yìí, bí mo bá rí ibi tó ń dán, ṣé màá wà lórí àpótí?"

Ẹ̀rín pa mí. Ó fi ìka wá a lára ike náà, bí ẹni tó ń wá ojú abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn, títí ìka rẹ̀ fi bọ́ sí kòtò kékeré náà. Ó ní, "Òun rè é." Ó lẹ páálí mọ́ abẹ́ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Alàgbà pẹpẹ wọlé bá wa, ó béèrè ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ ibi mímọ́. Bàbá dáhùn láìwẹ̀yìn pé, "Fìlà ni. Àbẹ́là yín ń ràn án lójú." Alàgbà wo páálí náà títí, ó ní kò burú.

Ọjọ́ ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ìta. Iṣu tí àwa obìnrin lọ rà ní Oliha Market tò gẹrẹrẹ níwájú irin ààlà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àpò ìrẹsì, ewúrẹ́ méjì tí wọ́n so síta, tó ń dá sí gbogbo àdúrà. Bàbá wọ sùtánà tuntun. Ó ka orin ìkórè ẹsẹ kìíní, ó ka ìkejì, ohùn rẹ̀ ń lọ geere. Ní ìlà kejì ẹsẹ kẹta, iná lọ.

Mo gbọ́ tí wọ́n ń fa jẹnẹrétọ̀, ó kọ́, wọ́n tún fà á, ó gbà. Iná pupa yọ. Àbẹ́là méje ń jó fòò. Mo gun orí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ṣe ń wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo na rìmóòtù kọjá orí gbogbo àwọn obìnrin tó wà níwájú mi, mo tẹ̀ ẹ́. Kò dáhùn. Mo fi ọwọ́ kejì gbá ọrùn ọwọ́ mi mú, mo tún un tẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì jí, ẹsẹ kẹta wà níbẹ̀ gbàǹgbà, níbi tí a fi í sí. Bàbá gba ìlà náà láìtilẹ̀ mí. Ìjọ gbé e. Mo sunkún lórí bẹ́ǹṣì yẹn, mi ò bò ó.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn alàgbà pe Bàbá sábẹ́ àgọ́ tí wọ́n ta sí ìta. Èmi náà tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó lé mi. Olórí wọn dìde, ó ní gbogbo àwọn ti rí i, kò sẹ́ni tó tún máa sọ̀rọ̀ ìsinmi mọ́. "Bàbá Olórin, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, títí di ọjọ́ tó bá wù yín láti fi í sílẹ̀."

Bàbá dìde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti wù mí báyìí."

Wọ́n rò pé àwọn ò gbọ́ ọ dáadáa. Ó nawọ́ sí ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ báńkì náà, ó ní kí ó wá máa bá òun jókòó nílé ní ọjọ́ Sátidé, òun á kọ́ ọ bí a ṣe ń ka orin tí ìjọ á fi lè mí. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Àwọn alàgbà ń bẹ Bàbá, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ gan-an, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò gbà.

Ẹ̀jẹ̀ mi ń hó. A wọ kẹ̀kẹ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Ìka mi tó jó, oníbàárà tí mo lé, bẹ́ǹṣì tí mo gùn níwájú ìjọ bí ọmọdé. Nígbà tí a dé ojú títì ńlá, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ní, "Bàbá, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ó fi í sílẹ̀, kí ni mo wá ń ṣe gbogbo wàhálà yẹn fún?"

Ó wá ọwọ́ mi kàn, ó dì í mú.

"Ojú mi tó ń ṣókùnkùn yìí, mo ti gbà á lọ́wọ́ Ọlọ́run," ó ní. "Àánú tí wọ́n ń ṣe mí ni mi ò lè gbà. Nígbà tí wọ́n wá sílé wa, wọ́n ń dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Lónìí, wọ́n bẹ̀ mí kí n má lọ, mo sì lọ. O ò mọ ohun tí o ṣe fún mi ni?"

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo sun ún débi pé awakọ̀ kẹ̀kẹ́ wò wá nínú dígí rẹ̀, ó dẹ ìrìn. "Mama, Baba, hope no problem?"

Mi ò gbọ́ kí bàbá mi sọ gbólóhùn kan ní Pidgin rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ó nà síwájú, ó fi ọwọ́ kan èjìká ọmọkùnrin náà, ó ní, "No problem, my son. I don retire."